Bí A Ṣe Ń Ka Àwòrán Òpópónà Ìgbafẹ́ Láì Sọ Ohun Tí Ayàwòrán Kò Yà

Ẹ gbé àwòrán títì Paris tí Gustave Caillebotte yà ní 1877 síwájú ẹnì kan, kí ẹ ní kó kọ ohun tó rí. Ohun tí ẹ máa rí gbà kò ní jìnnà sí èyí: "Tọkọtaya olówó kan ń gbafẹ́ nínú òjò. Inú wọn ń dùn. Ìlú náà rẹwà." Ta ló sọ fún un pé tọkọtaya ni wọ́n? Ẹ̀rín wo ló rí lẹ́nu wọn? Òjò ńkọ́? Kó fi ìka kan ẹ̀kán òjò kan ṣoṣo nínú àwòrán náà, kí àwa náà rí i.

Onítọ̀hún kò gọ̀ o. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ló ń tanni jẹ. Tó bá jẹ́ ogun ni wọ́n yà, tàbí ọba lórí ìtẹ́, a mọ̀ pé ó yẹ ká béèrè ẹni tó jẹ́ àti ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn tó ń rìn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́bàá títì, a gbà pé a ti mọ̀ ọ́n, ẹnu á wá yá ju ojú lọ. Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe níbí ni ká dá ẹnu dúró títí ojú á fi ṣe tirẹ̀ tán. Àwòrán Caillebotte yìí ni a máa lò jálẹ̀. Àwọn mìíràn á máa yọjú níbi tí a bá ti nílò wọn.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

- Ẹ̀dà àwòrán náà tó tóbi dáadáa, láti ìkànnì mùsíọ́ọ̀mù tó ni ín. Art Institute of Chicago ló ni ti Caillebotte, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì fi ẹ̀dà ńlá rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má lo èyí tí wọ́n ń pín kiri lórí Facebook, torí wọ́n ti sábà gé e létí, a sì máa nílò etí yẹn.
- Ìwé kan tí ẹ fa ìlà sí láàárín. Ẹ kọ "Mo rí" sókè apá òsì, "Mo rò" sókè apá ọ̀tún.
- Rúlà, pẹ́ńsù, àti aago.
- Máàpù ìlú tí wọ́n yà. Ẹ ká a pamọ́ ná, ó di ìpele kẹfà.

Ẹ má ka àlàyé tí ẹlòmíràn kọ nípa àwòrán náà o. Bí ẹ bá ti kà á, ojú onítọ̀hún lẹ máa fi wò ó.

Ìpele 1: Ẹ ka ìwọ̀n, ẹ bo orúkọ

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán nínú mùsíọ́ọ̀mù, ìwé pélébé kan máa ń wà tó ń sọ ẹni tó yà á, ọdún tó yà á, ohun tó fi yà á àti ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ da gbogbo rẹ̀ kọ, yàtọ̀ sí orúkọ àwòrán. Èyí ni kí ẹ fi ọwọ́ bò.

Ojú mi ti rí i kí n tó máa sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà kan, mo kọ nǹkan nípa àwòrán tí Édouard Manet yà ní 1862, èyí tí orúkọ rẹ̀ sọ pé orin ni wọ́n ń ṣe nínú ọgbà Tuileries ní Paris. Mo ròyìn àwọn onílù, mo ròyìn àwọn afunfèrè, ó kún ìdajì ojú ewé. Ẹni tí mo fún kà kàn bi mí pé, "Èwo ni onílù níbẹ̀?" Mo wò ó, mo tún un wò. Kò sí olórin kankan níbẹ̀! Ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà lábẹ́ igi, àga irin wà, àwọn ọmọdé ń ṣeré nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lu nǹkan kò sí. Orúkọ ni mo kà, mi ò ka àwòrán.

Ìwọ̀n náà ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò ó lọ. Àwòrán Caillebotte fi sẹ̀ǹtímítà 212 ga, ó fi 276 fẹ̀. Ó ga ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ, àwọn tó wà níwájú nínú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èèyàn gidi. Lójú fóònù, wọn kò ju ìka lọ. Ẹni tó dúró níwájú ojúlówó rẹ̀ máa rò pé wọ́n ń rìn bọ̀ wá bá òun ni. Ti Manet yàtọ̀: sẹ̀ǹtímítà 76 sí 118 péré ni, gbogbo ogunlọ́gọ̀ yẹn sì há sínú rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ dìde, kí ẹ fi ọwọ́ wọn gíga àti fífẹ̀ àwòrán náà sára ògiri yàrá yín. Bí ẹ bá ṣe é láì tún wo ìwé, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ìpele 2: Ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún "Mo rí" nìkan

Ẹ gbé aago síwájú. Láti igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, ẹ máa fi ojú gbálẹ̀ lọ sí ọ̀tún, kí ẹ gòkè díẹ̀, kí ẹ padà sí òsì, bí ẹni ń fi ìgbálẹ̀ gbá àgbàlá. Ohun tí ìka lè tọ́ka sí nìkan ni kí ẹ kọ: agboòrùn, òkúta títì tó ń dán, òpó iná aláwọ̀ ewé, kẹ̀kẹ́ ẹṣin, fìlà dúdú gíga, yẹtí. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi "ẹlẹ́wà", "olówó", "ìbànújẹ́", "ìfẹ́", ẹ̀wọ̀n ni wọ́n wà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá yìí.

Ní ìṣẹ́jú kẹta, ó máa dà bíi pé ẹ ti rí gbogbo rẹ̀ tán. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń dìde. Ẹ jókòó. Nínú ìṣẹ́jú méje tó kù ni nǹkan tó wúlò ti máa ń jáde. Ẹ fa àwòrán náà tóbi sí i lápá ọ̀tún, lẹ́yìn ọkùnrin àti obìnrin tó wà níwájú. Ẹnu ọ̀nà kan wà níbẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ obìnrin sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin kan tún ń gbé àkàsọ̀ kọjá, agboòrùn ẹlòmíràn sì bo apá òkè ara rẹ̀. Èèyàn lè wo àwòrán yìí fún ọdún mẹ́wàá kó má rí àwọn méjèèjì.

Ẹ kọ àlàfo sílẹ̀ pẹ̀lú. Apá òsì àwòrán náà, ilẹ̀ olókùúta gbalasa ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ibi tí kò sí nǹkan náà, ayàwòrán ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà á.

*Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀:* òjò. Ayàwòrán kò ya ẹ̀kán rẹ̀ kankan tó ń bọ́. Ohun tó yà ni agboòrùn tí wọ́n ṣí, òkúta tó ń kọ mànà, àti ojú ọ̀run tó dúdú wẹ́lẹ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sábẹ́ "Mo rí". Òjò fúnra rẹ̀ lọ sábẹ́ "Mo rò". Ó lè dà bí àríyànjiyàn tí kò nílò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ yìí ti gba ìdajì iṣẹ́ náà. Ìbéèrè kan sì yọ jáde níbẹ̀: ṣé òjò ń rọ̀ ni, àbí ó ti fẹ́ dá? (Àwa tí a pe nǹkan náà ní agboòrùn, tó sì jẹ́ pé òjò ló ń gbà fún wa jù, ó yẹ ká mọ̀ pé ohun tí a rí àti orúkọ tí a pè é lè ya ọ̀nà.)

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fún ẹni tí kò rí àwòrán náà rí ní àkọsílẹ̀ "Mo rí" yín, kó fi pẹ́ńsù ya ohun tó bá gbọ́. Kò dìgbà tó bá lẹ́wà. Bí ó bá ń béèrè ṣáá pé "níbo ló wà?", a jẹ́ pé ẹ ka nǹkan ṣùgbọ́n ẹ kò sọ ipò wọn. Ẹ padà lọ fi "iwájú", "ẹ̀yìn", "ọ̀tún", "òsì" sí i.

Ìpele 3: Níbo ni ẹsẹ̀ yín wà?

Gbogbo àwòrán òpópónà ló ní ibi tó mú olùwòran dúró sí. Ẹ wo orí àwọn èèyàn inú rẹ̀, ti iwájú àti ti ọ̀ọ́kán. Bí wọ́n bá sún mọ́ ìlà kan náà, orí ilẹ̀ lẹ wà láàárín wọn. Bí ti iwájú bá wà nísàlẹ̀, tí ti ọ̀ọ́kán sì ń gòkè lọ, ẹ wà lókè, bóyá lójú fèrèsé. Nígbà tí Claude Monet ya Boulevard des Capucines, títì ńlá kan ní Paris, láàárín 1873 sí 1874, òkè ilé tí ayafọ́tò Nadar ti ń ṣiṣẹ́ ló dúró sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń rìn nísàlẹ̀ fi jẹ́ ipa ọ̀dà dúdú wẹ́wẹ́, tí ẹni kankan kò ní ojú. Ẹni tó wà lókè kò lè sọ bí inú wọn ṣe rí, ẹ̀yin náà kò sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún un.

Caillebotte kó wa sórí ẹ̀gbẹ́ títì gan-an. Ọkùnrin àti obìnrin ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa lábẹ́ agboòrùn kan. Ní ọ̀tún pátápátá, ọkùnrin kan kẹ́yìn sí wa, etí àwòrán ti gé apá kan ara rẹ̀ dànù, ó ń lọ pàdé wọn. Ọ̀nà há. Agboòrùn méjì fẹ́ kọlu ara wọn, ẹnì kan sì ní láti dá tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wá fi rúlà wọn òpó iná: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pín àwòrán náà sí méjì dọ́gba. Ní òsì rẹ̀, àyè wà gbalasa. Ní ọ̀tún rẹ̀, èèyàn há mọ́ra wọn. Àfi ẹni tó bá fi rúlà wọ̀n ọ́n ni yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe èèṣì.

*Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀:* "Ó dà bíi fọ́tò." Wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì dákẹ́, bí ẹni pé ayàwòrán kàn gbé ẹ̀rọ sókè ni. Caillebotte ya oríṣiríṣi àwòrán ìgbìdánwò kó tó fọwọ́ kan kanfáàsì ńlá yìí. Etí tó gé ọkùnrin yẹn, òun ló pinnu ibi tó máa ti gé e.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ parí gbólóhùn yìí: "Mo dúró sí ..., ẹni tó sún mọ́ mi jù ni ..., bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, màá ..." Bí èyí tó kẹ́yìn bá ṣòro, ẹ kò tíì wọ inú àwòrán náà.

Ìpele 4: Àwọn èèyàn

Ẹ má kánjú níbí. Ọwọ́ lẹ máa kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ojú. Obìnrin náà fi ọwọ́ kọ́ ọkùnrin lápá. Ọkùnrin ló di agboòrùn mú. Wọ́n mọ ara wọn, ìyẹn dájú. Bóyá ọkọ àti ìyàwó ni wọ́n, bóyá ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ọwọ́ kò sọ ọ́.

Ó wá kan ojú. Àwọn méjèèjì ń wo nǹkan kan ní òsì wa, níta àwòrán. Wọn kò wo ara wọn, wọn kò wò wá, wọn kò sì wo ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ kọlù. Lẹ́yìn wọn, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rìn ló dá wà, oníkálukú lábẹ́ agboòrùn tirẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé irú kan náà ni gbogbo agboòrùn ọ̀hún. "Inú wọn ń dùn" ti ṣubú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má sáré gbé "inú wọn bàjẹ́" rọ́pò rẹ̀, òun náà kò ní ẹsẹ̀.

Ní ti aṣọ, fìlà dúdú gíga, kóòtù dúdú, tai. Ìbòjú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, yẹtí tó ń tàn, irun ẹran létí aṣọ. *Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀* pọ̀ níbí. Àkọ́kọ́, aṣọ dúdú ọkùnrin kì í ṣe aṣọ ọ̀fọ̀; ohun tí àwọn ọkùnrin tó rí jájẹ ń wọ̀ jáde lójoojúmọ́ nígbà náà ni. Ìkejì, aṣọ tí èèyàn wọ̀ lọ sí òpópónà ìgbafẹ́, ó wọ̀ ọ́ kí wọ́n lè rí òun ni. Ohun tó fẹ́ kí a gbà nípa òun ni aṣọ yẹn ń sọ, kì í ṣe iye tó wà lápò rẹ̀. Nítorí náà, "wọ́n múra bí olówó" ni kí ẹ kọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Níbi tí àwọn kan bá ti ń gbafẹ́, àwọn kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ gbé wá, ibi tí ayàwòrán bá sì fi wọ́n sí ní ìtumọ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ àti alákàsọ̀ ti Caillebotte wà ní kọ́lọ́fín, wọ́n kéré, agboòrùn olówó sì bo ọ̀kan nínú wọn. Ẹ fi wé àwòrán erékùṣù La Grande Jatte tí Georges Seurat yà láti 1884 sí 1886. Iwájú pátápátá, lápá òsì, ni ọkùnrin tí aṣọ rẹ̀ kò lápá wà, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ń mu páìpù. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni ọkùnrin onífìlà gíga jókòó sí pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Aṣọ wọn jìnnà síra, ara wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, wọn kò sì wo ara wọn. Ibi tí Caillebotte fi èèyàn pamọ́ sí ẹ̀yìn, Seurat kó gbogbo wọn jókòó sórí koríko kan náà.

Nínú àwòrán Seurat yẹn, obìnrin kan fi okùn mú ọ̀bọ, òmíràn sì ń fi ìwọ̀ pẹja. Ẹ máa bá a pàdé níbi púpọ̀ pé aṣẹ́wó ni àwọn méjèèjì. Àbá ni. Àwọn tó dá a ní ohun tí wọ́n dì mú, irú bí ìtumọ̀ ẹ̀yìn tí àwọn ará Paris ń fún ọ̀rọ̀ ọ̀bọ àti ọ̀rọ̀ ìpẹja nígbà náà. Abẹ́ "Mo rò" ni kí ó wà, pẹ̀lú ìdí rẹ̀, kí ẹ má kọ ọ́ bí ohun tí ojú rí.

Ẹ tún ṣọ́ra fún "ará ìlú lásán". Àwọn tó kún inú ọgbà Manet, púpọ̀ nínú wọn ló ní orúkọ: akéwì Charles Baudelaire wà níbẹ̀, olórin Jacques Offenbach wà níbẹ̀, Manet fúnra rẹ̀ sì dúró létí òsì pátápátá. Ohun tó dà bí èrò ọjà, ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ ni. (Olórin kan wà nínú rẹ̀ nígbà náà, àmọ́ kò gbé ohun èlò kankan dání. Ìyẹn kò dá mi láre.)

*Àyẹ̀wò:* Ẹ mú pẹ́ńsù. Láti orí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ "Mo rò", ẹ fa ìlà lọ sí ohun kan lábẹ́ "Mo rí". Èyí tí ìlà rẹ̀ kò bá rí ibi kan, ẹ pa á rẹ́, bó ti wù kó dùn tó.

Ìpele 5: Àwọ̀, pẹ̀lú ìfura

Èyí kò ní pẹ́. Ẹ kọ àwọ̀ tó pọ̀ jù àti ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, kí ẹ sì rántí pé àwọ̀ máa ń gbó. Àwòrán Caillebotte ti pọ́n díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ fánìṣì àtijọ́, ìyẹn ohun dídán tí wọ́n fi ń bo ọ̀dà. Nígbà tí àwọn atúnṣe mùsíọ́ọ̀mù parí iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní 2014, ojú ọ̀run rẹ̀ mọ́ ju bí àwọn èèyàn ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ẹni tó ti kọ̀wé pé "ayàwòrán fi àwọ̀ pípọ́n sọ ìbànújẹ́ ìlú", fánìṣì ló kà. Irú rẹ̀ bá Seurat: ọ̀dà yẹ́lò kan tó lò ti di aláwọ̀ ilẹ̀, koríko tó yẹ kó máa tàn sì ti ṣú.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ wá ẹ̀dà tí mùsíọ́ọ̀mù yà lẹ́yìn àtúnṣe. Bí ohun tí ẹ kọ nípa àwọ̀ kò bá ṣẹ́kù nígbà tí ẹ bá lò ó, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìpele 6: Ó yá, ẹ ṣí orúkọ, ẹ ṣí máàpù

Orúkọ náà ni Títì Paris, Ọjọ́ Òjò. Oríta tí wọ́n ń pè ní Place de Dublin lónìí ni, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Saint-Lazare. Lórí máàpù, ẹ máa rí bí àwọn títì bíi rue de Moscou àti rue de Turin ṣe pàdé níbẹ̀. Igun ilé tó ṣe ṣóńṣó lójú ọ̀ọ́kán wá di ohun tó yé.

Lẹ́yìn náà ni ọdún. Láti 1853 títí di 1870, Baron Haussmann, aláṣẹ tí ìjọba fi ṣàkóso ìlú náà, ló darí bí wọ́n ṣe wó ọ̀pọ̀ àdúgbò Paris tí wọ́n sì la títì gbọọrọ gba ibẹ̀. 1848 ni wọ́n bí Caillebotte. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ìṣojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ìlú tó yà yìí. Ilé tí àwa ń wò bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ilé tuntun ni lójú tirẹ̀. Bí ẹ bá kọ pé "Paris àtijọ́ ẹlẹ́wà", ohun tó yà gan-an lẹ sọ nù, ìyẹn ìlú tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ tán, títì rẹ̀ fẹ̀ ju àwọn tó ń rìn nínú rẹ̀ lọ.

*Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀:* kí ìtàn wá gbé àwòrán mì. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ogun 1870, orúkọ olórí ìlú, iye títì. Òfin mi ni pé bí ọjọ́ tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ kan kò bá kan ohun kan lábẹ́ "Mo rí", kò wọlé. Haussmann wọlé torí òkúta títì, torí ilé ṣóńṣó, torí àlàfo òsì yẹn.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ka òkodoro ìtàn tí ẹ kọ. Bó bá ju mẹ́ta lọ, ẹ yọ àwọn tó lè fò lọ tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀.

Ìpele 7: Ẹ kọ ọ́

Ìlànà gbólóhùn kan ló wà: "Mo rí ..., torí náà mo rò pé ..., ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ..., màá yí i padà." Apá kẹta ni àwọn èèyàn máa ń fò. Àpẹẹrẹ tèmi rèé:

"Àwọn tó ń rìn pọ̀ ní oríta yìí, ọ̀pọ̀ ló sì dá wà. Àwọn tí ara wọn sún mọ́ra jù, ní ọ̀tún, kò wo ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni àyè ṣófo ní òsì. Mo rò pé ìlú tuntun tó fún èèyàn láyè púpọ̀ ni Caillebotte ń fi hàn wá, àti bí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kò ṣe tíì mọ ohun tí wọ́n máa fi àyè náà ṣe sí ara wọn. Bó bá jẹ́ pé nínú àwọn àwòrán ìgbìdánwò rẹ̀ àwọn méjì iwájú ń bára wọn sọ̀rọ̀, màá tún èrò mi wò."

*Àyẹ̀wò tó kẹ́yìn:* Ẹ bo orúkọ ayàwòrán nínú ohun tí ẹ kọ, kí ẹ wá gbé e ka iwájú àwòrán títì Karl Johan tí Edvard Munch yà ní 1892, ní ìlú tí a ń pè ní Oslo lónìí. Nínú rẹ̀, èèyàn ń ya bọ̀ lọ́dọ̀ wa ní alẹ́, ojú wọn funfun bí ẹfun, fèrèsé ilé ń tàn lẹ́yìn wọn, ẹnì kan ṣoṣo sì ń dá rìn lọ sí òdìkejì láàárín títì. Bí ohun tí ẹ kọ nípa Paris bá bá èyí náà mu láì yí ọ̀rọ̀ kan padà, ẹ padà sí ìpele kejì, kí ẹ sì gbé aago síwájú.